Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ẹ̀kọ́ tí Ẹ̀ka Yorùbá Lè Rí Kọ́ Lára Ilé-Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Ìṣàkóso Kan ní Pittsburgh

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin kan tí ó ń kọ́ Yorùbá mọ́ Ẹ̀kọ́ Àwùjọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì olùkọ́ni kan mú orí-ọ̀rọ̀ wá síwájú ìgbìmọ̀ tí ń yẹ àpilẹ̀kọ àṣekágbá N.C.E. wò. Èésú tí àwọn obìnrin aláta àti onígaàrí ń dá ní ọjà ìlú rẹ̀ ni ó fẹ́ ṣe ìwádìí lé lórí. Ó fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń yan ẹni tí yóò kọ́kọ́ kó, ohun tí wọ́n ń ṣe sí ẹni tí ó bá kó tán tí kò sì dá mọ́, àti irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń de ara wọn láìsí ìwé, láìsí lọ́yà. Ìyá rẹ̀ wà nínú ẹgbẹ́ náà, nítorí náà ilẹ̀kùn kò tì mọ́ ọn. Àwa mẹ́rin ni a jókòó ní ọjọ́ náà. Ẹnìkan nínú wa ní ọ̀rọ̀ owó kì í ṣe ọ̀rọ̀ Yorùbá, kí ó gbé e lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ okòwò. Ó gbé e lọ. Àwọn yẹn náà yẹ ìwé rẹ̀ wò, wọ́n rí òwe, wọ́n rí ìbúra, wọ́n rí orúkọ oyè ìyálọ́jà, wọ́n ní ti Yorùbá ni èyí. Nígbà tí yóò fi padà dé ọ̀dọ̀ wa, ọjọ́ ti lọ. A fún un ní orí-ọ̀rọ̀ mìíràn lórí ìlò òwe nínú ìwé ìtàn àròsọ kan, irú èyí tí mo ti bojú tó bí i mẹ́wàá ṣáájú tirẹ̀. Ó kọ ọ́, ó sì yege.

Mo wà lára àwọn mẹ́rin náà, n kò sì la ẹnu. Bóyá ebi ni ó ń pa mí, bóyá n kò fẹ́ kí ìpàdé gùn, n kò lè sọ mọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé lẹ́yìn oṣù mélòó kan ni mo rí i kà pé William Bascom, ará Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ onímọ̀ nípa àṣà àti ìṣe ẹ̀dá, ti kọ odindi àpilẹ̀kọ lórí èésú Yorùbá láti ọdún 1952, inú jọ́nà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ kan ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù ni ó sì ti jáde. Ohun tí àlejò kà sí ìmọ̀, àwa onílé kò rí ẹ̀ka tí a óò fi sí.

Ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ni ó sún mi dé ìdí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin tí ẹ ń múra àti di olùkọ́ sọ. Gbogbo wa ni a máa ń pa á lówe pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Síbẹ̀, nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa, olúkúlùkù ẹ̀ka ni ó la ọ̀nà tirẹ̀, a sì mọ odi sí àárín. Èrò mi ni pé ìpàdé àpérò kò lè wó odi náà, orúkọ tuntun tí a bá kọ sára ilé kò sì lè wó o. Ìṣòro kan pàtó tí apá ẹnìkan kò ká ni ó ń wó o, pẹ̀lú olùkọ́ tí kò tijú láti di akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn kan ń pe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìwádìí àmúlùmálà. N kò fẹ́ràn orúkọ náà, nítorí létí Yorùbá, ó dà bí ẹmu tí wọ́n po omi mọ́. Àjùmọ̀ṣe ìmọ̀ ni n óò máa lò níhìn-ín, títí àwọn àgbà inú iṣẹ́ èdè ìperí yóò fi fún wa ní èyí tí ó sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àpẹẹrẹ tí mo fẹ́ lò jìnnà sí wa, ṣùgbọ́n mo ti kà nípa rẹ̀ dáadáa. Pittsburgh, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, jẹ́ ìlú tí irin rírọ sọ di ńlá. Andrew Carnegie, ẹni tí irin sọ di olówó, ni ó dá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1900. Ní ọdún 1912 ni ó di Carnegie Institute of Technology. Ní ọdún 1949, William Larimer Mellon ta ilé-ẹ̀kọ́ náà lọ́rẹ mílíọ̀nù 6 dọ́là láti fi dá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣàkóso sílẹ̀ nínú ọgbà kan náà. Àwọn tí ó ti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tàbí sáyẹ́ǹsì ni wọ́n ní lọ́kàn. Ní ilé-iṣẹ́ ńláńlá ayé ìgbà náà, ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ ni wọ́n sábà máa ń gbé ga títí yóò fi di ọ̀gá, nígbà tí ó bá sì di ọ̀gá tán, yóò rí i pé ènìyàn àti owó ni ó kù kí òun máa ṣàkóso, kò sì sí ẹni tí ó kọ́ ọ ní ìyẹn.

Onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ni George Leland Bach tí wọ́n fi ṣe olórí ilé-ẹ̀kọ́ tuntun náà. Nínú àwọn tí ó kọ́kọ́ kó jọ ni Herbert Simon, ẹni tí ó jẹ́ pé òun gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Simon kò kọ́ okòwò. Kò kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ìmọ̀ òṣèlú ni ó kà ní Yunifásítì Chicago, níbi tí ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1943. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó ń gbé kiri láti ìgbà náà: báwo ni ènìyàn ṣe ń pinnu nígbà tí kò lè mọ ohun gbogbo tí ó yẹ kí ó mọ̀? Ìbéèrè yìí ni ó gbé e láti inú ìmọ̀ òṣèlú bọ́ sínú ìmọ̀ ìṣàkóso, láti ibẹ̀ sínú ètò ọrọ̀-ajé, sínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, àti sínú ìmọ̀ nípa bí ọpọlọ ènìyàn ṣe ń ronú. Bí ó bá ti dé ibi tí ìmọ̀ rẹ̀ kò dé, yóò kọ́ èyí tí ó bá níbẹ̀. Ìṣirò tí kò jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó kọ́ ọ débi pé àwọn onímọ̀ ìṣirò ń bá a jókòó.

Ìtàn ilé-iṣẹ́ ọ̀dà ni mo fẹ́ràn jù nínú ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ yìí. Àwọn kan wà tí wọ́n ń ṣe ọ̀dà tí a fi ń kun ilé. Ìṣòro wọn kò yàtọ̀ sí ti ìyá onígaàrí: bí ó bá ṣe púpọ̀ jù, ọjà yóò kún ilé, owó yóò sì há sínú rẹ̀, bí ó bá ṣe kéré jù, oníbàárà yóò gba ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn lọ, bí ó bá sì ń gba òṣìṣẹ́ lónìí tí ó ń dá wọn dúró lọ́la, ìyẹn náà ń gbọ́n owó lọ. Ọ̀dà mélòó ni kí wọ́n ṣe ní oṣù yìí? Òṣìṣẹ́ mélòó ni kí wọ́n ní? Àwọn mẹ́rin ni wọ́n jọ dojú kọ ìbéèrè yìí ní àwọn ọdún 1950. Charles Holt ti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná kí ó tó kọ́ ètò ọrọ̀-ajé. Onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé ni Franco Modigliani. John Muth wá láti inú ìmọ̀ ẹ̀rọ tí ó jẹ mọ́ ìṣètò ilé-iṣẹ́. Ẹnì kẹrin ni Simon. Ìwé tí wọ́n jọ kọ lórí rẹ̀ jáde ní ọdún 1960.

Ohun tí ó jẹ́ ìyanu ni pé inú iṣẹ́ ọ̀dà kan náà yìí ni èrò méjì tí ó ta ko ara wọn ti jáde. Simon dì í mú pé ọgbọ́n ènìyàn ní ààlà: a kì í wá èyí tí ó dára jù lọ láyé, a ń wá títí a ó fi rí èyí tí ó tẹ́ wa lọ́rùn, a ó sì dúró níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ti lọ ra ata ní ọjà Bódìjà mọ òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí. Ta ni ó máa ń yí gbogbo àtẹ po kí ó tó rà? Muth ní tirẹ̀, nínú àpilẹ̀kọ tí ó jáde ní ọdún 1961, sọ pé bí a bá kó ìrètí gbogbo ọlọ́jà jọ, a ó rí i pé ohun tí wọ́n ń retí nípa iye owó ọjà kò yà kúrò lára ohun tí tíọ́rì ètò ọrọ̀-ajé tí ó pójú owó yóò sọ. Àwọn méjèèjì jọ wo ìwé ìṣirò ilé-iṣẹ́ kan náà, wọ́n jọ jẹun nínú ilé kan náà, wọn kò sì gbà fún ara wọn. Simon gba ẹ̀bùn Nobel ti ètò ọrọ̀-ajé ní ọdún 1978. Robert Lucas, ẹni tí òun náà ti kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí rí, gbé èrò Muth lọ síwájú, ó sì gba tirẹ̀ ní ọdún 1995. Ẹ jẹ́ kí àwọn tí wọ́n rò pé àjùmọ̀ṣe túmọ̀ sí kí gbogbo ènìyàn máa sọ ohun kan náà ro èyí wò.

Ní ti ìkọ́ni, ìtàn tirẹ̀ náà wà. Ní ọdún 1956, kọ̀ǹpútà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà kọ́kọ́ rà, IBM 650, kò sí ní ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ìsàlẹ̀ ilé àwọn onímọ̀ ìṣàkóso ni wọ́n gbé e sí. Èmi kò mọ ilé-ẹ̀kọ́ wa kan tí irú èyí ì bá ti ṣẹlẹ̀ láìsí ìjà. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ náà tó dé, Simon àti Allen Newell, pẹ̀lú Cliff Shaw tí ó wà ní California, ti ṣe ètò kan tí yóò jẹ́ kí ẹ̀rọ lè máa wá ẹ̀rí fún òfin ìṣirò bí ènìyàn ti ń ṣe. Kò tíì sí ẹ̀rọ tí wọ́n lè fi dán an wò ní ọwọ́ wọn. Kí ni wọ́n ṣe? Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1956, Simon kó ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ jọ, ó fún olúkúlùkù ní páálí tí a kọ apá kan ètò náà sí, ẹnì kọ̀ọ̀kan sì ń ṣe ohun tí ó wà lára páálí tirẹ̀ bí ó bá ti kàn án. Àwọn ènìyàn ni wọ́n di kọ̀ǹpútà. Nígbà tí ẹ̀rọ gidi wá ṣe é, ó rí ẹ̀rí fún 38 nínú òfin 52 tí ó ṣáájú ní orí kejì ìwé Principia Mathematica ti Whitehead àti Russell.

Mo máa ń sọ ìtàn páálí yìí fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi nígbà tí wọ́n bá ń ráhùn pé kò sí ohun èlò ìkọ́ni.

Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún yẹn kan náà, akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná mànàmáná kan tí ń jẹ́ Edward Feigenbaum jókòó sínú kíláàsì Simon. Simon sọ fún wọn pé àwọn ti ṣe ẹ̀rọ tí ń ronú, ó sì fún wọn ní ìwé ìtọ́sọ́nà kọ̀ǹpútà kan. Feigenbaum gbé e lọ sílé, ó kà á mọ́jú. Ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ìṣàkóso ni ó ti gba oyè ọ̀mọ̀wé ní ọdún 1960, bẹ́ẹ̀ ni ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ni ó sọ ọ́ di olókìkí, tí ó fi gba ẹ̀bùn Turing ní ọdún 1994. Simon àti Newell ti gba tiwọn ṣáájú, ní ọdún 1975. Ọmọ kan jókòó sí kíláàsì tí kì í ṣe ti ẹ̀ka rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó bi í léèrè ohun tí ó wá ṣe níbẹ̀.

Kí a má baà sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀run ni wọ́n wà, ó yẹ kí n fi èyí kún un. Ìrẹ́pọ̀ náà kò pẹ́ títí. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, àwọn onímọ̀ ètò ọrọ̀-ajé pọ̀ sí i, wọ́n sì fẹ́ kí gbogbo nǹkan máa gba ọ̀nà tiwọn. Simon fúnra rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ẹ̀ka ìmọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, nínú yunifásítì kan náà. Ìmọ̀ kọ̀ǹpútà di ẹ̀ka tirẹ̀ ní ọdún 1965. Ní ọdún 2004, orúkọ olówó kan tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde ibẹ̀ ni wọ́n fi pe ilé-ẹ̀kọ́ ìṣàkóso náà, èyíinì ni Tepper. N kò sọ pé ìyẹn burú. Mo kàn ń sọ pé odi a máa hù padà bí a kò bá tún un wó ni. Owó Mellon kò dí i lọ́wọ́, òkìkí kò sì dí i lọ́wọ́.

Ẹnìkan lè sọ pé kí ni ó kan Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ Pittsburgh. Ó kan wá ju bí a ti rò lọ, nítorí àpò kan náà ni ó ti ná owó sórí wọn àti sórí wa. Ilé-iṣẹ́ Ford Foundation, tí ó ran Simon àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ní àwọn ọdún 1950 lórí ìwádìí nípa bí ènìyàn ti ń ṣe nínú àjọ àti ilé-iṣẹ́, ni ó tún fi owó ran Yunifásítì Ifẹ̀ lọ́wọ́ nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀ ní ọdún 1970. Ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ náà ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, olùkọ́ ọ̀tọ̀ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan.

A máa ń ka ètò náà sí ti èdè. Ẹ jẹ́ kí a tún un wò. Ta ni yóò kọ ìwé ìṣirò ní Yorùbá? Onímọ̀ èdè nìkan kò lè kọ ọ́, nítorí kò mọ ohun tí ó yẹ kí ọmọ ọdún méje mọ̀ nípa ìdá. Onímọ̀ ìṣirò nìkan kò lè kọ ọ́, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi kọ́ gbogbo ohun tí ó mọ̀. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, olùkọ́ ẹ̀kọ́ àwùjọ, onímọ̀ nípa ìdánwò, gbogbo wọn ni wọ́n ní láti dé ìdí tábìlì kan náà. Ìṣòro ọmọ kékeré kan ní kíláàsì ni ó kó wọn jọ, gẹ́gẹ́ bí ọ̀dà ti kó àwọn ará Pittsburgh jọ. Ọ̀kan lára ìwé tí ó jáde lórí ètò náà ní ọdún 1989 ní orúkọ ẹni mẹ́ta lára, Fáfúnwá, Macauley àti Ṣókọ̀yà, irú èyí tí àwọn ìgbìmọ̀ ìgbéga wa lónìí yóò fi ọ̀bẹ pín sí wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní máàkì.

Iṣẹ́ náà kò sì tíì tán. Nígbà kan tí mo lọ bẹ akẹ́kọ̀ọ́ kan wò lẹ́nu T.P., ó pe nọ́ńbà fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹta kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní mẹ́rìndínláàádọ́ta. Ọmọ mẹ́ta tí ó wà nítòsí mi ni ó kọ 54. Akẹ́kọ̀ọ́ náà bínú, ó ní wọn kò gbọ́ Yorùbá. Èmi rò ó títí mo fi délé. Àwọn ọmọ náà gbọ́ Yorùbá, wọ́n gbọ́ mẹ́rin, wọ́n gbọ́ àádọ́ta, wọ́n sì kó méjèèjì pọ̀. "Dín" ni ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Bí wọ́n bá tilẹ̀ gbọ́ ọ, mẹ́rin tí wọ́n gbọ́ kì í ṣe 4 tí ó wà nínú 46. 4 ti inú 46 dúró fún ogójì; mẹ́rin ti inú mẹ́rìndínláàádọ́ta ni a yọ kúrò nínú àádọ́ta, àádọ́ta fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ogún mẹ́ta tí a yọ ẹ̀wá kúrò nínú rẹ̀. Etí ọmọ ń ṣe ìṣirò kan, ojú rẹ̀ ń ṣe òmíràn lára pátákó. Ẹ̀ka wo ni ìṣòro yìí jẹ́ tirẹ̀? Nínú ẹ̀kọ́ gírámà, a máa ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ní bí a ṣe ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ òǹkà. Ní ẹ̀ka ìṣirò, wọ́n ń kọ́ wọn ní ipò nọ́ńbà. N kò tíì rí kọ́lẹ́ẹ̀jì tí olùkọ́ méjèèjì ti jọ dúró ní iwájú kíláàsì kan náà kí wọ́n fi hàn wọ́n bí ọ̀kan ṣe ń dí èkejì lọ́nà. Ní ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 wọ́n fagi lé e. Nígbà tí wọ́n ń fọwọ́ sí i àti nígbà tí wọ́n ń fagi lé e, kò sí èyí tí a fi lè dá wọn lóhùn lórí ọ̀rọ̀ 46 yìí. Ẹ̀bi ìyẹn kò sí lọ́rùn ìjọba nìkan.

Ohun tí ó dùn mí jù ni pé ètò N.C.E. wa ti fi ilẹ̀ àjùmọ̀ṣe lélẹ̀ fún wa tipẹ́. Iṣẹ́ méjì ni akẹ́kọ̀ọ́ ń kà, pẹ̀lú ìmọ̀ ẹ̀kọ́. Yorùbá mọ́ Ẹ̀kọ́ Àwùjọ, Yorùbá mọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá mọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń ti kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn, ṣùgbọ́n àwa olùkọ́ wọn kì í pàdé àfi ní báńkì àti ní ìpàdé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. A ti gbé iṣẹ́ síso ìmọ̀ méjì pọ̀ lé ọmọ ọdún 19 lórí, iṣẹ́ tí àwa tí a ní oyè kejì àti ìkẹta kò dán wò rí. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn sì gbìyànjú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ọmọbìnrin elésúú yẹn ti ṣe, a lé e kúrò ní ẹnu ọ̀nà méjèèjì.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn àgbà ẹ̀ka wa ń sọ, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Wọ́n ní bí a bá ṣí ilẹ̀kùn, ẹ̀ka Yorùbá yóò pòórá sínú ti ẹlòmíràn. Wọ́n ní ìdí láti bẹ̀rù. Ìgbà wo ni ẹ̀ka mìíràn máa ń rántí wa? Ìgbà tí wọ́n bá ní ìwé ìbéèrè fún ìwádìí wọn, tí wọ́n fẹ́ kí a bá wọn tú u sí Yorùbá kí ó tó di ọ̀la. A ó tú u, wọn yóò dúpẹ́, orúkọ wa kò sì ní sí níbì kankan nínú ìwé tí wọ́n bá tẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àjùmọ̀ṣe. Iṣẹ́ alágbàṣe ni, láìsí owó iṣẹ́. Àjùmọ̀ṣe ni kí a wà níbẹ̀ láti ìgbà tí a ti ń gbé ìbéèrè náà kalẹ̀, nítorí bí a bá béèrè lọ́wọ́ ìyá ọlọ́jà pé "ṣé o máa ń yá owó," yóò ní rárá, bẹ́ẹ̀ ni ó ti kó èésú ṣáájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mẹ́sàn-án. Ní ojú onímọ̀ okòwò, ẹni tí ó kọ́kọ́ kó ti yá owó láìsan èlé, ẹni tí ó kó gbẹ̀yìn sì ni ó ti fi owó pamọ́. Ní ẹnu àwọn obìnrin náà, "kíkó" ni fún ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni ìkẹyìn, kò sí onígbèsè láàárín wọn. Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ni ó bo ìyàtọ̀ náà mọ́lẹ̀, ó sì jọ mí pé òun ni ó gbé ẹgbẹ́ ró. Onímọ̀ okòwò tí kò gbọ́ èdè kò lè rí èyí. Èmi tí mo gbọ́ èdè, n kò mọ̀ pé ìyàtọ̀ wà níbẹ̀ títí ẹlẹgbẹ́ mi ní ẹ̀ka okòwò fi yà á fún mi lórí ìwé.

Ẹ̀rù kejì ni ti àìjinlẹ̀. Àwọn kan yóò mú díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, wọn yóò sì pe ara wọn ní onímọ̀ ohun gbogbo. Ìyẹn ń ṣẹlẹ̀, mo sì ti ka àpilẹ̀kọ tí ó fi "kọ̀ǹpútà" sí orí-ọ̀rọ̀ tí kò sì sí kọ̀ǹpútà nínú rẹ̀. Ìdáhùn mi ni pé ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò múlẹ̀ nínú iṣẹ́ tirẹ̀ kò ní ohun tí yóò gbé lọ bá ẹlòmíràn. Wọn kò pe Simon sí ìdí ọ̀dà nítorí pé ó mọ díẹ̀díẹ̀ nínú ohun gbogbo. Ó ti lo ọdún púpọ̀ lórí ìbéèrè kan ṣoṣo kí ó tó débẹ̀.

Ti àwọn aláṣẹ kò ṣeé fojú fò. Ní ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí àwọn yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ yé kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣàkóso, pé kí wọ́n gbájú mọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀. Mo mọ ohun tí ó fa ìbínú wọn. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan ti ń lo irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ láti fi kó akẹ́kọ̀ọ́ jọ ni. Síbẹ̀, àgbẹ̀ tí kò mọ bí a ṣe ń ṣírò èrè àti àdánù, báwo ni ọdún rẹ̀ yóò ṣe rí? Nínú kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwa náà, òfin ìgbéga ń sọ fún olùkọ́ ọ̀dọ́ pé kí ó dá kọ, kí ó dá tẹ̀, kí ó sì tẹ̀ ẹ́ nínú jọ́nà ẹ̀ka rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń wá ìgbéga kò ní gbọ́ ìwàásù mi yìí, n kò sì lè bá a wí.

Nítorí náà ohun tí mo ń béèrè kéré. N kò béèrè owó, n kò béèrè ilé, n kò sì fẹ́ ìgbìmọ̀ tuntun. Kí ìgbìmọ̀ àpilẹ̀kọ gbà pé olùkọ́ méjì láti ẹ̀ka méjì lè jọ fọwọ́ sí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan, kí máàkì rẹ̀ sì dúró ní ẹ̀ka méjèèjì. Kí àwa tí ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ òǹkà lọ jókòó ní ẹ̀yìn kíláàsì ìṣirò fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí a sì mú ìwé àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ bí akẹ́kọ̀ọ́. Èmi ti lọ ní sáà tí ó kọjá. Ojú kọ́kọ́ tì mí, nítorí ọmọ tí mo kọ́ rí ni ó ń kọ́ni, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta ni ó yíjú sí mi níwájú gbogbo kíláàsì, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kí ni ìdí tí a fi ń dín ní Yorùbá tí a kì í sì í lé títí dé ìparí?" N kò rí ìdáhùn tí ó yè kooro fún un. A ti jọ ń wá a láti ọjọ́ náà, ní ọ̀sán ọjọ́rú, ní abẹ́ igi tí ó wà láàárín ilé ẹ̀ka tiwọn àti tiwa.

Ní ti èésú, mo ti wá ọmọbìnrin náà kàn. Ó ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan, ó sì ń múra àti padà sí yunifásítì fún oyè àkọ́kọ́. Ó ní ìwé tí ó kọ nígbà náà ṣì wà lọ́wọ́ òun, àti pé ìyá òun ni ó ń ṣe olórí ẹgbẹ́ ní báyìí. Ẹlẹgbẹ́ mi ní ẹ̀ka okòwò ti ka ìwé náà, ó sì ti kọ ìbéèrè 11 sí etí rẹ̀ tí èmi kò ronú kàn rí. Èmi náà ti kọ mẹ́fà tèmi sí abẹ́ tirẹ̀.